Ibi tí Ìlà ti Bẹ̀rẹ̀: Pípín Díìsìkì fún Àkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka, Ajah

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ni, àwọn mìíràn sì ti wà lójú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ láti aago márùn-ún àárọ̀. N kò ní dá yín dúró ju bó ti yẹ lọ.

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń pín díìsìkì kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń fọ́ọ́mátì rẹ̀, àti bí a ṣe ń mú kí ìlà rẹ̀ gún régé nígbà tí a bá fẹ́ fi pa àkọsílẹ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ló kan awakọ̀ níbẹ̀? Kí ló kan ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ nílé iṣẹ́?" Ẹ̀yin ará, ó kàn wá gidigidi. Ẹ ó rí i kí n tó jókòó.

ÀKỌSÍLẸ̀ WA TI KÚRÒ NÍNÚ ÌWÉ ŃLÁ

Ní àtijọ́, inú ìwé ńlá ni taimukípà ń kọ orúkọ wa sí. Ẹni tó bá dé, yóò fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá ṣe ofatáìmù, wọn yóò kọ wákàtí rẹ̀ síbẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dé, a ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, gbogbo wa yóò sì fi ojú ara wa rí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ lẹ́nu géètì. Owó oṣù wa, ofatáìmù wa, ìsinmi ọdọọdún wa, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn wà.

Owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú wà níbẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò iye tí yóò lọ sórí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe àṣìṣe, ọjọ́ ogbó wa ló ṣì ṣírò.

Ẹ̀yin ará wa tó ń wa ọkọ̀, ẹ kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2008, tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni èrò ń rà. Lónìí, káàdì Cowry ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ. Òun kan náà ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Gbogbo ìgbà tí káàdì bá kan ẹ̀rọ, a ń kọ ìlà kan sínú àkọsílẹ̀ níbì kan. Àkọsílẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, tí a tò lọ́nà tí a fi lè wá nǹkan nínú rẹ̀ kíákíá, ni wọ́n ń pè ní dátábéèsì.

Níbo ni kọ̀ǹpútà tó ń pa irú àkọsílẹ̀ báyìí mọ́ ń gbé? Àwọn kan wà ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. Àwọn mìíràn wà nínú ilé ńlá tí a kọ́ fún wọn, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí wa rárá. Iléeṣẹ́ MainOne, tí arábìnrin Funke Opeke dá sílẹ̀, fa okùn abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó ní ọdún 2010. Ní ọdún 2015 ó ṣí ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MDXi ní Lekki níbí. Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Ẹ wo owó náà! Ẹ mọ̀ nígbà náà pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ lójú àwọn olówó.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí kókó kan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń gba kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ mìíràn sílé bí ayálégbé. Wọn yóò fún un ní iná tí kì í lọ, wọn yóò fún un ní afẹ́fẹ́ tútù, wọn yóò fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé ṣe to ẹrù sínú yàrá rẹ̀, ọwọ́ ayálégbé ló wà. Kọ̀ǹpútà lè wà nínú ilé tó dára jù lọ ní Lekki, kí ìpín díìsìkì inú rẹ̀ sì wọ́.

DÍÌSÌKÌ, ÌPÍN ÀTI FỌ́Ọ́MÁTÌ

Àwa tí a ń gbé ní Ajah, Badore àti Sangotedo, a mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ ni n ó fi ṣàlàyé.

Díìsìkì tuntun dà bí ilẹ̀ tí a kò tíì wọ̀n. Ẹni tó rà á kò lè kàn gbé ẹrù lé e lórí. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti gé e sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a sì ń pè ní sẹ́kítọ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ kan ń gbà. Ẹ ka báìtì kan sí lẹ́tà kan. Nítorí náà, sẹ́kítọ̀ kan gba lẹ́tà 512.

Lẹ́yìn èyí, a ó pín ilẹ̀ náà. A ó wí pé láti sẹ́kítọ̀ báyìí dé báyìí jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, láti ibí dé ọ̀hún jẹ́ ti àkọsílẹ̀ owó oṣù. Ohun tí sọ̀fẹ́yọ̀ ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá rì òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Ìpín ni a ó máa pè é.

Fọ́ọ́mátì ló tẹ̀ lé e. Fọ́ọ́mátì dà bí ìgbà tí a bá la ọ̀nà sí àárín ìpín náà, tí a fi nọ́mbà sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, tí a sì ṣí ìwé tí a ó máa kọ ẹni tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí a bá ń fọ́ọ́mátì, a ó yan bí ojúlé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ Windows yóò yan kìlóbáìtì 4 bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un.

Ìgbà yìí ni dátábéèsì fúnra rẹ̀ yóò tó kó wọlé. Dátábéèsì kì í ru ẹrù ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ewé PostgreSQL àti ti SQL Server jẹ́ kìlóbáìtì 8, ìyẹn báìtì 8,192. Ti MySQL jẹ́ kìlóbáìtì 16 ní ọ̀pọ̀ ìgbà. SQL Server tún máa ń di ojú ewé 8 pọ̀ ní ẹrù kan, tí yóò jẹ́ kìlóbáìtì 64. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú orúkọ rẹ, odindi ojú ewé tó wà lórí rẹ̀ ni wọn yóò gbé, òun náà ni wọn yóò dá padà.

BÍ ÌLÀ ṢE YẸ̀

Wàhálà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ibi tí ìpín àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n ka sẹ́kítọ̀ 63 sí ọ̀wọ́ kan. Wọ́n fi gbogbo ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìpín, ìpín àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀ 63, nítorí láti òdo ni wọ́n ti ń kà. Kò sí ìpalára kankan nínú èyí nígbà tí sẹ́kítọ̀ jẹ́ báìtì 512, tí díìsìkì sì ń dá ṣiṣẹ́.

Ayé wá yí padà. Láti ìparí ọdún 2009 ni àwọn tó ń ṣe díìsìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí ta irú èyí tí sẹ́kítọ̀ rẹ̀ tóbi tó báìtì 4,096, ìyẹn ìlọ́po 8 ti àtijọ́. Láti ọdún 2011 ló di àṣà gbogbo wọn fún díìsìkì tuntun. Kí ẹ̀rọ àtijọ́ má bàa ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n jẹ́ kí díìsìkì máa ṣe bí ẹni pé báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Lójú òde ó kéré, nínú ó tóbi. Ibẹ̀ ni ìlà ti yẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a to tírélà lẹ́sẹẹsẹ ní èbúté Lekki, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Tírélà kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Méjì yóò wọ orí tírélà kan gẹ́lẹ́, kò ní ṣẹ́kù, kò ní yọ síta. Ó wá ku ẹnì kan tó gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 5 sí iwájú tírélà àkọ́kọ́, tó sì ní kí kọ̀ńténà máa tẹ̀ lé e láìsí àlàfo. Kọ̀ńténà kìn-ín-ní bọ́ sáàárín 5 àti 25. Ìkejì bọ́ sáàárín 25 àti 45. Ẹ kíyè sí i: ìdí rẹ̀ ti wà lórí tírélà kejì! Bẹ́ẹ̀ ni ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ni ìkẹfà. Lójú títì, kò sí awakọ̀ tó ní làákàyè tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú díìsìkì, ó ṣeé ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń rí i. Ìgbàkúùgbà tí a bá fẹ́ sọ ọ̀kan nínú kọ̀ńténà wọ̀nyí kalẹ̀, a ní láti pe awakọ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sẹ́kítọ̀ 63 lọ́nà báìtì 512 jẹ́ báìtì 32,256. Ẹ fi 4,096 pín in: yóò lọ lẹ́ẹ̀méje, yóò sì ku 3,584. Bí ó bá jẹ́ sẹ́kítọ̀ 64 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, yóò jẹ́ 32,768, yóò sì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ gééré. Sẹ́kítọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ náà, báìtì 512.

Wò ó bí nǹkan kékeré yìí ṣe ń ṣe wá. Ojú ewé kan tó jẹ́ báìtì 8,192 yẹ kó wọ sẹ́kítọ̀ ńlá 2 gẹ́lẹ́. Nítorí pé ìlà yẹ̀, ó fọwọ́ kan mẹ́ta: báìtì 512 ní ìparí ti àkọ́kọ́, gbogbo ìkejì, àti 3,584 nínú ìkẹta. Díìsìkì kò sì lè kọ ìdajì sẹ́kítọ̀. Kí ó tó kọ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta, ó ní láti kọ́kọ́ kà wọ́n, kí ó fi ọ̀rọ̀ tuntun bọ àárín, kí ó dúró títí díìsìkì yóò fi yí padà dé ibẹ̀, kí ó tó wá kọ ọ́. Díìsìkì tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyípo kan ṣoṣo kò tó nǹkan lójú ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní láti dúró de ìyípo kan fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí a sì fẹ́ kọ ojú ewé 100,000, ìdúró nìkan yóò jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 14. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀ tó ń dín èyí kù. Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ náà lè kún, pàápàá ní ìparí oṣù tí gbogbo iṣẹ́ bá dé pọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ díìsìkì ni a so pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Bí díìsìkì kọ̀ọ̀kan bá ń gba kìlóbáìtì 64 kí iṣẹ́ tó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ẹrù kìlóbáìtì 64 yẹ kó kan díìsìkì kan péré. Bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀ 63, gbogbo ẹrù bẹ́ẹ̀ pátá ni yóò kan méjì. Òṣìṣẹ́ méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, a sì ń bínú pé iṣẹ́ kò yá. SSD, tí kì í yí rárá, ní ìyà tirẹ̀: ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i níwọ̀n, kíkọ tí kò yẹ sì ń mú kó gbó kíákíá.

Èyí tó burú jù ni ti iná. Ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ ládùúgbò wa. Bí iná bá lọ nígbà tí díìsìkì ń dá sẹ́kítọ̀ ńlá padà, ohun tó wà nínú sẹ́kítọ̀ náà lè bàjẹ́. Bí ìlà bá yẹ̀, ìdí ojú ewé mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wà nínú sẹ́kítọ̀ kan náà. Wọ́n ń kọ wákàtí tèmi, tìrẹ ló bàjẹ́. Àwọn dátábéèsì tó dára ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún ojú ewé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ṣe bí iná bá já a. Àmọ́ kò yẹ ká mọ̀ọ́mọ̀ fi aládùúgbò sínú ewu kí a tó máa wá ọ̀nà àtúnṣe.

TA NI WỌ́N Ń DÁ LẸ́BI?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyí. Bí ẹ̀rọ lẹ́nu géètì bá ń lọ́ra, tí òṣìṣẹ́ 200 sì tò síta, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò tẹ ìka lẹ́yìn aago méje. Ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ pé wọ́n pẹ́. Kò ní kọ ọ́ pé òun ló dá wọn dúró. Bí kíkọ sínú àkọsílẹ̀ bá ń falẹ̀ ní òpin oṣù, akọ̀wé owó ni wọn yóò bú pé ọ̀lẹ ni. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀rọ kò bá tíì dé inú àkọsílẹ̀, kọ̀ńdọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú lójú. Ẹ̀rọ kò lẹ́nu tí yóò fi jẹ́jọ́. Òṣìṣẹ́ ló lẹ́nu, òun ni wọ́n sì ń kọ kúẹ́rì sí.

N kò sọ pé gbogbo ìfàsẹ́yìn ló ti ara ìlà díìsìkì wá. Ó lè jẹ́ okùn tó so ẹ̀rọ pọ̀ ni kò dára. Ó lè jẹ́ pé a kò to atọ́ka inú dátábéèsì, tó fi jẹ́ pé ó ń ṣí gbogbo ìwé kó tó rí orúkọ kan. Ó lè jẹ́ pé ìrántí kọ̀ǹpútà kéré. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó yẹ òṣìṣẹ́ wò. Ìlà díìsìkì sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó rọrùn jù lọ láti yẹ̀ wò, nítorí nọ́mbà kan ṣoṣo ni.

IBI TÍ EWU WÀ LÓNÌÍ

Ẹnì kan yóò bi mí pé, "Ṣé wọn kò tíì tún èyí ṣe ni?" Wọ́n ti tún un ṣe. Láti ìgbà Windows Vista ní ọdún 2007 àti Windows Server 2008, ìpín àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní báìtì 1,048,576, ìyẹn sẹ́kítọ̀ 2,048. Nọ́mbà yìí dára púpọ̀, nítorí 4,096 pín in gééré, 8,192 pín in, kìlóbáìtì 64 náà pín in. Linux bọ́ sójú ọ̀nà kan náà ní bíi ọdún 2010. Ní ọdún 2009, Jimmy May àti Denny Lee kọ ìwé kan jáde fún Microsoft lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún àwọn tó ń lo SQL Server. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun lónìí, tó fi ètò tuntun pín in, ìlà rẹ̀ yóò tọ́ láìjẹ́ pé ó ṣe wàhálà.

Ibo wá ni ewu ṣẹ́kù sí? Ó wà ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Iléeṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì da gbogbo díìsìkì àtijọ́ sórí tuntun bó ṣe wà. Òkúta ààlà àtijọ́ bá a lọ. Ilẹ̀ tuntun, ààlà wíwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tí a ń gbé láti sáfà kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtún un pín.

Èkejì ni àkópọ̀ ipele. Díìsìkì wà lábẹ́, RAID wà lórí rẹ̀, ìpín wà lórí RAID, fọ́ọ́mátì wà lórí ìpín, dátábéèsì wà lókè pátápátá. Bí ipele kan bá wọ́, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀yin bíríkìlà tó wà láàárín wa mọ èyí: bí ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ bá wọ́, ẹ kò lè fi símẹ́ǹtì tún un ṣe ní ẹsẹ̀ kẹwàá.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ojúlé nígbà fọ́ọ́mátì. Ètò tuntun yóò bá ọ mú ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí o fẹ́ kó síbẹ̀. Fún SQL Server, kìlóbáìtì 64 ni wọ́n gbà níyànjú fún ìpín tí dátábéèsì ń gbé, kì í ṣe kìlóbáìtì 4 tí Windows ń yàn. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ yàn án, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yàn án.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Aṣojú òṣìṣẹ́ kò ní láti di ẹlẹ́rọ kó tó béèrè. Lórí Windows, ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ msinfo32. Ó ń fi báìtì tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Kí a fi 4,096 pín nọ́mbà náà. Bí ó bá ṣẹ́kù, ìlà ti yẹ̀. Lórí Linux, àṣẹ fdisk -l yóò fi sẹ́kítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ hàn. Níbi tí sẹ́kítọ̀ bá jẹ́ báìtì 512, kí a fi 8 pín in. Bí ó bá jẹ́ 63, ẹ ti mọ ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ 2,048, ó dára. Kíkà nìkan ni èyí, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá rí i pé ó wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fọwọ́ kàn án. Láti tún un ṣe, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọn yóò kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde, wọn yóò pa ìpín rẹ́, wọn yóò tún un pín, wọn yóò fọ́ọ́mátì rẹ̀, wọn yóò sì kó àkọsílẹ̀ padà. Pípa ìpín rẹ́ kí ẹ̀dà tó dájú ni ikú àkọsílẹ̀. Ẹ̀dà tí a kò tíì gbìyànjú láti ṣí níbòmíràn kì í ṣe ẹ̀dà, ìrètí lásán ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n ka iye orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi owó oṣù tó kọjá wé ti àkọsílẹ̀ gangan, kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Nígbà tí díìsìkì ṣófo, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni títún ìlà ṣe. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá ti wà lórí rẹ̀, ó lè gba odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ewu ńlá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ YÓÒ BÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iléeṣẹ́ tuntun ń dé sórí ilẹ̀ wa yìí lójoojúmọ́, láti Lekki títí dé Ibeju. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò gbé ẹ̀rọ tuntun wá láti máa ka wákàtí wa. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ṣófo ni kí a sọ̀rọ̀. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa gbé ohun márùn-ún yìí síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ nígbà tí a bá jókòó ìdúnàádúrà.

Kìn-ín-ní, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ nọ́mbà tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n ojúlé fọ́ọ́mátì sínú ìwé ìfàlélọ́wọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí a tó kó orúkọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sínú rẹ̀.

Èkejì, kí wọ́n dán ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wò níṣojú aṣojú òṣìṣẹ́, ó kéré tán nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta, ní oṣù tí wọ́n bá ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, kí ìwé ńlá taimukípà ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìwé bá sọ àti ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, kí a fi wé ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe yọ owó ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì ṣe kọ kúẹ́rì sí ẹnikẹ́ni nítorí pípẹ́ tàbí owó tó dín nínú ẹ̀rọ, àfi bí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀rọ wò tí wọ́n sì fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn wá.

Ìkarùn-ún jẹ mọ́ díìsìkì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti fọ́ọ́mátì díìsìkì, ohun tó wà níbẹ̀ ti parẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ́mátì kíákíá kàn ń fa ìwé ojúlé ya ni, àwọn ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Ẹni tó bá ra díìsìkì bẹ́ẹ̀ ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà lè wá rí orúkọ wa, nọ́mbà báńkì wa àti owó oṣù wa níbẹ̀. Kí wọ́n pa á rẹ́ pátápátá, tàbí kí wọ́n fọ́ ọ túútúú. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà lẹ́yìn wa nínú èyí. Ó tún fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe bí ó bá ṣì.

Àwọn ọ̀gá kan lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju òye yín lọ. Ẹ rántí pé àwa la mọ̀ bí a ṣe ń di ẹrù sí tírélà tí kò fi dànù láti èbúté dé Ìbàdàn. Àwa la mọ̀ bí a ṣe ń to ẹ̀rọ sórí ìpìlẹ̀ tí kò fi gbọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù gbọ́dọ̀ jókòó sójú ààlà rẹ̀ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìdajì tó kù ni pípín nọ́mbà kan pẹ̀lú nọ́mbà mìíràn, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sì bá wa ṣe é.

Nítorí náà, kí aṣojú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó béèrè nọ́mbà tí ìpín àkọsílẹ̀ owó oṣù wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Bí wọn kò bá fún un, kí ó kọ ọjọ́ tó béèrè àti orúkọ ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú ìyẹn náà wá. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó tò wọ́n jọ, a ó sì mọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ìṣọ̀kan wa má ṣe tú o.